Orúkọ Nìkan Kò Tó: Èrò Ìpìlẹ̀ Lítíréṣọ̀ Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Wa

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé ìtàn nílé ẹ̀kọ́ ní Àjàṣẹ́ kì í pẹ́ kó orúkọ jọ. Kí ó tó jókòó ṣe ìdánwò BEPC, ó ti mọ « narrateur », ó ti mọ « personnage », ó ti mọ « comparaison » àti « métaphore ». Bí ó bá jẹ́ ọmọ tó ń wá kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa, a ó tún fi orúkọ mìíràn lé e: asọ̀tàn, ẹ̀dá ìtàn, àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Inú wa a sì dùn, a ó ní ọmọ náà ti mọ lítíréṣọ̀ lédè méjì. Ṣùgbọ́n ẹ fún ọmọ yìí kan náà ní ojú-ìwé kan tí kò kà rí, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí níbẹ̀. Yóò fa ilà sábẹ́ gbólóhùn kan, yóò kọ « métaphore » sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì gbé kálámù sílẹ̀. Ó ti pe nǹkan lórúkọ, ṣùgbọ́n kò tíì kà á.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju èyí lọ: irinṣẹ́ ni àwọn èrò ìpìlẹ̀ tí à ń kọ́ ọmọ nípa lítíréṣọ̀. Àgbẹ̀ tó mọ orúkọ ọkọ́ àti àdá, tí kò fi wọ́n ro oko, ebi ni yóò pa á. A ó mú díẹ̀ nínú àwọn èrò wọ̀nyí, a ó fi ìwé mẹ́ta dán wọn wò, kí a lè rí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń kọ̀. A kò sì ní yọ ara wa sílẹ̀ nínú ẹ̀bi, nítorí àwa náà wà lára àwọn tó rò pé bí a bá ti rí orúkọ Yorùbá fún ohun tí àwọn Faransé dárúkọ, iṣẹ́ ti parí.

Méjì nínú ìwé mẹ́ta náà jáde lọ́dún kan ṣoṣo, 1938. Ọ̀kan ni Doguicimi, tí Paul Hazoumé, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́ níhìn-ín, kọ lédè Faransé. Èkejì ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ lédè Yorùbá. Tíṣà ni àwọn méjèèjì. Abẹ́ ìjọba Faransé ni ọ̀kan ti kọ tirẹ̀, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni èkejì wà. Síbẹ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ tó gbọ́ èdè méjèèjì lè ka ìwé méjèèjì láìdúró de ògbufọ̀. Ìwé kẹta ni Un piège sans fin ti Olympe Bhêly-Quenum, ọmọ Ouidah, tó jáde ní 1960, ọdún tí Dahomey gba òmìnira.

Ta ló ń sọ̀rọ̀?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ó fi asọ̀tàn pe òǹkọ̀wé. Yóò kọ pé, "Fágúnwà lọ sí Igbó Irúnmalẹ̀, ó sì bá iwin jà." Fágúnwà kò lọ síbì kankan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ẹnì kan jókòó nílé ara rẹ̀, bàbá àgbà kan wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó ní kí ó mú kálámù àti ìwé, kí ó máa kọ ohun tí òun ń sọ sílẹ̀. Àkàrà-ògùn ni bàbá náà, òun ló lọ sígbó. Ẹni mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ níbẹ̀: Fágúnwà tó kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀, ẹni tó jókòó tó ń kọ ọ̀rọ̀ bàbá sílẹ̀ nínú ìtàn, àti Àkàrà-ògùn tó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Kí ló dé tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì? Ẹ wo Un piège sans fin. Nínú ìwé yìí náà, ẹnì kan pàdé ẹlòmíràn, ó sì ròyìn ayé rẹ̀ fún un. Ahouna ló ń ròyìn, Houénou ló ń gbọ́. Ahouna sọ bí nǹkan ṣe rọrùn fún ìdílé wọn tẹ́lẹ̀, ó sọ bí ìjọba amúnisìn ṣe fìyà jẹ bàbá rẹ̀ títí bàbá náà fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ó sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe fi ẹ̀sùn tí kò rí bẹ́ẹ̀ kàn án. Àánú rẹ̀ a máa ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ahouna yìí ti pa obìnrin kan tí kò ṣẹ̀ ẹ́, tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀ yóò gba gbogbo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba omi mu. Èyí tó bá bi ara rẹ̀ yóò rí i pé ẹni tó pànìyàn ló ń ṣàlàyé ìdí tí ó fi pànìyàn, yóò sì máa wo ohun tí ó tẹnu mọ́ àti ohun tí ó fò kọjá. Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni Ahouna ń pa. Ó túmọ̀ sí pé òǹkàwé ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti dá.

Ní ti Àkàrà-ògùn, ọdẹ ni, gbogbo wa ni a sì mọ bí ọdẹ ṣe ń ròyìn ìgbẹ́. Ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí èrò ṣe ń pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ń dùn sí i. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí àsọdùn nínú ìwé náà, kí ó má ṣe kọ « hyperbole » lásán. Kí ó béèrè ẹni tó ń sọ àsọdùn náà, àti àwọn tó ń sọ ọ́ fún.

A gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìyàtọ̀ òǹkọ̀wé àti asọ̀tàn ṣòro fún ọmọdé, pé ẹ̀kọ́ ìwé gíga ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ọmọ Kétu, ọmọ Pọ́bẹ̀ tàbí ọmọ Ṣákété tó ti dúró wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí, ìran tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ẹni tó gbé ìbòjú jáde a máa kọrin, a máa ṣàdúrà fún ìlú, a sì máa fi ẹni tó hùwà àìtọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ará ìlú lè mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, síbẹ̀ wọn kò ní sọ pé Lágbájá ọmọ Tàmẹ̀dò ló bú àwọn. Ẹ̀fẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ọmọ tó mọ èyí ti mọ asọ̀tàn kí ó tó mọ « narrateur ». Iṣẹ́ tíṣà ni láti rán an létí ohun tí ó ti mọ̀, kí ó sì fi ibi tí ọ̀ràn ti yàtọ̀ hàn án: pé ìbòjú inú ìwé kò ní igi, kò ní aṣọ, ọ̀rọ̀ nìkan ni a fi gbẹ́ ẹ, nítorí náà inú ọ̀rọ̀ nìkan ni a ti lè rí i.

Doguicimi gbé ìbéèrè tó le ju èyí lọ síwájú wa. Asọ̀tàn ibẹ̀ kò sí nínú ìtàn. Kò sọ pé "mo rí", kò sọ pé "mo ṣe"; ó kàn mọ ohun gbogbo tó ń lọ ní ààfin Guézo ní Abomey. « Narrateur externe » ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ibo ni asọ̀tàn yìí dúró sí? Hazoumé tíì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí Béhanzin fi ara rẹ̀ lé àwọn Faransé lọ́wọ́ ní 1894. Ó dàgbà sábẹ́ ìjọba wọn, èdè wọn ló sì fi kọ ìtàn ìjọba tí wọ́n ti wó. Ní ojú-ìwé kan, ó dà bí ẹni pé asọ̀tàn ń fi ẹwà àti ètò Abomey yangàn. Ní òmíràn, ó dà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ta sílẹ̀ níbẹ̀ ń bà á lọ́kàn jẹ́. Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú gbólóhùn mẹ́ta jáde láti fi ti èrò tirẹ̀ lẹ́yìn ti ṣe ju ẹni tó kọ « externe » lọ, tó sì dákẹ́.

Ẹ̀dá ìtàn àti orúkọ rẹ̀

Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹ̀dá ìtàn tó dára ni èyí tí ìwà rẹ̀ ń yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá yìí wọn àwọn ọdẹ tó bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Lángbòdó, wọn yóò ní Fágúnwà kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìmọ̀dòye kì í ṣe òmùgọ̀ lọ́jọ́ kan kí ó di ọlọ́gbọ́n lọ́jọ́ kejì. Olóhùn-iyọ̀ kì í kọrin tí kò dùn. Orúkọ wọn ni ìwà wọn.

Àìmọ̀-ọ́n-ṣe kọ́ nìyí. Fágúnwà pín agbára tí ẹnì kan nílò láti fi la ayé já fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: ó fi ọgbọ́n fún ọ̀kan, ó fi ohùn dídùn fún òmíràn, ó fi agídí àti okun fún Kàkò. Ẹgbẹ́ náà ni ó yẹ kí a wò bí ẹ̀dá kan ṣoṣo. Nígbà tí ewu bá dé, kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé ta ni nínú wọn ni ọ̀nà là fún, àti pé kí ló dé tí okun Kàkò kò fi tó níbi tí orin Olóhùn-iyọ̀ ti tó. Doguicimi ń béèrè ìbéèrè mìíràn. Ọkọ rẹ̀, Toffa, bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mahi ní Hounjroto. Ó dúró dè é, kò gba ẹlòmíràn láyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń fẹ́ ẹ ní agbára ààfin lẹ́yìn. Òun náà kò yí padà. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, àìyípadà náà gan-an ni ìjà: gbogbo ayé ló ń tì í kí ó yẹ̀, kò sì yẹ̀. Ẹ̀dá méjì tí kò yí padà, ìdí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ « statique » tí ọmọ kọ́ nílé ẹ̀kọ́ kò lè sọ ìyàtọ̀ yìí fún un. Ìwé nìkan ló lè sọ ọ́.

Ìhun ìtàn àti kókó ọ̀rọ̀

Àtẹ kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ lórí: ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní àlàáfíà, nǹkan kan dà á rú, ìdààmú pọ̀, ọ̀ràn yanjú, àlàáfíà padà dé. Àtẹ náà wúlò. Bí a bá gbé e lé Doguicimi, a rí i pé ìmúlẹ́rú Toffa ni kókó tí a so okùn ìtàn sí. Bí a bá tú u, gbogbo rẹ̀ á tú. Ṣùgbọ́n Ògbójú Ọdẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Àkàrà-ògùn lọ sígbó lẹ́ẹ̀kíní, ó padà. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó padà. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ọba rán òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí Òkè Lángbòdó. Bí a bá yọ iwin kan kúrò lójú ọ̀nà, ìtàn kò ní wó. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sókùn ni ó rí, bí àwọn àlọ́ tí a ń pa lálẹ́ kan ṣoṣo, tí ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì. Kò tọ́ kí a fi àtẹ tí a ṣe fún irú ìtàn kan dá ẹjọ́ fún irú mìíràn.

Èyí kò wá ní kí a má rí àléébù. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ní Òkè Lángbòdó, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó gba ìmọ̀ràn. Ó rẹ òǹkàwé níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ìrìn-àjò dúró, ìwàásù gba ipò rẹ̀. A lè bọ̀wọ̀ fún Fágúnwà kí a sì sọ èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ ọ́, tó sì fi hàn pé ẹkọ́ tí ìjà Kàkò kọ́ wa láìsọ̀rọ̀ jinlẹ̀ ju èyí tí Ìrágbèje sọ jáde lọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lámèyítọ́.

Ibi yìí náà ni a ti lè tún ọ̀rọ̀ kókó sọ. Bí a bá bi ọmọ pé kí ni kókó Doguicimi, yóò ní "ìfẹ́" tàbí "ogun". Ohun tí ìwé náà dá lé nìyẹn. Kókó ọ̀rọ̀ ni ohun tí ìwé náà sọ nípa rẹ̀, gbólóhùn odidi ló sì ń gbà láti sọ ọ́. Bí àpẹẹrẹ: pé ìṣòtítọ́ obìnrin kan lè dúró níwájú àṣẹ ààfin, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò fi san án, nítorí Doguicimi fúnra rẹ̀ ló yàn láti wọ ibojì láàyè pẹ̀lú ohun tó kù lára ọkọ rẹ̀. Ẹlòmíràn lè má gbà. Ọ̀rọ̀ tí a lè bá jiyàn ni a ń pè ní kókó. Ẹnikẹ́ni kò lè bá "ìfẹ́" jiyàn.

Ẹṣin ọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọmọ tó kọ « métaphore » tó gbé kálámù sílẹ̀. Kí a fún un ní òwe tí gbogbo ilé mọ̀: òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, ó dájú. Kí ni ẹṣin ń ṣe? Ó ń gbé ènìyàn, ó sì ń yá ju ẹsẹ̀ lọ. Bí òwe náà bá parí síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òwe ń gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú. Ṣùgbọ́n ìlàjì kejì yí nǹkan padà: ọ̀rọ̀ tí ẹṣin ń gbé ní ìlàjì kìíní ti sọnù, àwa la wá gun ẹṣin láti wá a kiri. Ọ̀rọ̀ di ohun tó lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí a ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àgbà fi ń pa òwe nígbà tí àríyànjiyàn bá ti dojú rú, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rìn dé ibí ti ka òwe náà. Kò ná an ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ibi tí àtẹ kò bára mu

A gbọ́dọ̀ sọ ìkìlọ̀ kan fún ara wa. Bí a ṣe ń to orúkọ Faransé àti Yorùbá ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a máa ń ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé kí ó wá « rime » nínú ewì, tí wọ́n sì kọ́ pé kí ó ka sílébù inú ìlà, yóò gbé ewì Yorùbá, yóò wá rime tì, yóò sì sọ pé ewì náà kò pé. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni akéwì Yorùbá fi ń ṣeré, pé gbólóhùn méjì tó jọra ní ìhun, tí ohùn wọn yàtọ̀ níparí, ń ṣe iṣẹ́ tí rime ń ṣe lédè Faransé. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì: bí a bá pè é ní « éloge », a ti gé e kúrú, nítorí oríkì a máa yin ènìyàn, a máa pìtàn ìdílé rẹ̀, a sì lè dárúkọ àbùkù rẹ̀ lójú agbo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bínú.

Èyí ló mú kí àmì ohùn jẹ́ ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà nìkan. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: lẹ́tà kan náà ni wọ́n, ohùn ló yà wọ́n. Ọmọ tí kò lè ka ohùn kò lè rí eré tí akéwì ń ṣe. Ìnira rẹ̀ tún lé sí i nílẹ̀ wa, nítorí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, ń lo ɛ àti ɔ, ó sì ń lo sh, níbi tí àwọn ìwé tó ń ti Nàìjíríà wá ti ń lo ẹ, ọ àti ṣ. Lẹ́tà wọ̀nyí kì í ṣe ògiri. Ìdajì wákàtí tó láti mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lo ìdajì wákàtí náà, kí ọmọ má ṣe gbé ìwé Fágúnwà jù sílẹ̀ nítorí àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà.

Ohun tí a ó ṣe

Níbi ìpàdé ìwé kíkà wa, a ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àkójọ orúkọ, kí a tó wá àpẹẹrẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. A dá a lábàá pé kí a yí i padà. Kí a máa bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ìwé kan, ìbáà ṣe ti Hazoumé, ti Fágúnwà tàbí ti Bhêly-Quenum, kí a kà á sókè, kí a sì béèrè ìbéèrè mẹ́ta lórí ohunkóhun tó bá mú wa dúró níbẹ̀: Kí ni èyí? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe níhìn-ín? Bí a bá yọ ọ́ kúrò, kí ni a ó pàdánù? Ìbéèrè kìíní ni orúkọ ń dáhùn. Méjì tó kù ni kíkà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdánwò tàn yín pé ìbéèrè kìíní tó. Ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin òbí tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, nígbà tí ọmọ bá sọ fún yín pé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ lòun rí, ẹ yìn ín, kí ẹ sì tún bi í pé, "Ó ń ṣe kí ni níbẹ̀?" Kí ẹ mú sùúrù de ìdáhùn rẹ̀.